Ṣé bátìrì la ó fi gbé omi ìwẹ̀ kaná ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sólà. Akóbọ̀ n'Íbàdàn là ń gbé, ẹni mẹ́fà la wà nínú ilé. Ìyá ọkọ mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, làkúrègbé ń bá wọn jà, wọn ò lè fi omi tútù kan ara. Ìyàwó àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀dọ̀ wa ló wà. A ní páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, oníwáàtì 550 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, inverter 5kVA àti bátìrì lithium kan tó ń gba yúníìtì márùn-ún. Gáàsì ti wọ́n, boiling ring sì ń jẹ yúníìtì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ríwáyà wa ní ká ra bátìrì méjì sí i, òun á wá so hítà méjì mọ́ inverter. Aládùúgbò wa ní ká má dá a lóhùn, ká lọ ra èyí tó ní gíláàsì gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ní ilé àlejò kan ní Ìjẹ̀bú Òde, púùlù kékeré wà níbẹ̀, àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọmọ kì í fẹ́ wọ inú rẹ̀ mọ́. Ṣé sólà lè mú ìyẹn náà lọ́ wọ́ọ́wọ́? Èwo ni ká ṣe?

* * *

Ẹ má tíì ra bátìrì kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ nìyẹn, kí owó tó kúrò lápò yín.

Púlọ́ńbà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa páìpù, ó sì tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé hítà oòrùn sórí ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ká tó lè fi dígírì kan kún ìgbóná omi lítà kan, 1.16 wáàtì-wákàtí ló máa jẹ. Omi táńkì n'Íbàdàn máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 26, omi tó sì tu ni lára láti wẹ̀ kì í ju 40 lọ. Garawa kan jẹ́ lítà 20. Ẹni mẹ́fà, garawa mẹ́fà, lítà 120, dígírì 14: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì méjì géérégé, yúníìtì tẹ́ ẹ ń rà sórí mítà yẹn gan-an. Ẹ fi omi ìwẹ̀ alẹ́ ìyá àti ti ìkókó kún un, ká pè é ní mẹ́ta lóòjọ́.

Yúníìtì mẹ́ta kò pọ̀. Aago tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó ló dá wàhálà sílẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni ìyá máa fẹ́ wẹ̀, aago mẹ́fà ni àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì ti gbé fíríìjì àti fáànù mọ́jú, ó ti ń mí gúlegúle, ìgbà náà ni hítà méjì oníwáàtì 1,500 máa wá kì í mọ́lẹ̀. Bátìrì méjì tó ní kẹ́ ẹ rà sí i yẹn, torí wákàtí kan ààbọ̀ yìí nìkan ni.

Ẹ wò ó báyìí. Àmàlà tẹ́ ẹ rò lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ fi sínú kúlà, tó ṣì gbóná nígbà tí bàbá ilé dé lálẹ́, ṣé bátìrì ló gbé e? Omi náà ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gbóná nígbà tí oòrùn wà, kẹ́ ẹ gbé e pa mọ́ sínú táńkì tí wọ́n fi fóòmù wé.

Tí oòrùn bá sì ràn sórí páńẹ́ẹ̀lì oníná, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń di iná. Tí oòrùn kan náà bá ràn sórí ohun tó ń gba ooru tààrà, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wọ inú omi. Nítorí náà, aládùúgbò yín ni mo gbè lẹ́yìn.

* * *

Mo rí i pé àwọn bíi mẹ́ta tó fèsì sí ìbéèrè yìí ti sọ pé omi gbígbóná kì í ṣe ìṣòro ilẹ̀ Yorùbá, pé omi tútù ló ń mú ara le. Ẹnì kan tilẹ̀ ní tí òun bá ṣí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, omi tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bó òun lọ́wọ́, kí la wá ń ra gíláàsì fún?

Òótọ́ ni ti ẹ̀rọ yẹn. Ẹ lọ síbi ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé láago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kejì, kẹ́ ẹ ṣí i. Ààbọ̀ garawa àkọ́kọ́ á gbóná débi tẹ́ ẹ ó fi yára yọwọ́, torí páìpù tó gba orí páànù kọjá ti wà lójú oòrùn láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà á lọ́ wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà á di tútù. Gbogbo ọgbọ́n ohun tí à ń sọ yìí ti wà nínú páìpù yẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Kó tó di ìdájí, páìpù yẹn ti fi gbogbo ooru rẹ̀ ta ìrì lọ́rẹ.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè máa fi omi tútù wẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí làkúrègbé ń bá jà ńkọ́, ní ìdájí ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20? Ìyá ìkókó tí wọ́n ní kó máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní kékeré, aago mẹ́rin ni ìyá mi máa ń dìde láti dáná igi sábẹ́ ìkòkò omi ìwẹ̀ bàbá àgbà. Wọ́n á fẹ́ iná, wọ́n á fẹ́ ẹ, ojú wọn á pọ́n. Èéfín yẹn ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní omi gbígbóná kì í ṣe ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni, ẹlòmíì ló kàn ń gbé e fún wa.

Ẹ tún wo Barbados, erékùṣù tí òtútù kì í mú. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbé hítà oòrùn sórí ilé níbẹ̀, ìjọba wọn sì dín owó orí kù láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Oòrùn tó pọ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

* * *

Àwọn kan fẹ́ mọ bí onígíláàsì gbọọrọ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí wọ́n máa wò kí wọ́n tó sanwó.

Gíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì, ọ̀kan wọ inú èkejì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, bíi fúláàsì tíì gẹ́lẹ́. Èyí inú ni wọ́n kùn dúdú. Ooru ń wọlé, kò rọrùn fún un láti jáde. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ dorí gíláàsì kọ̀ọ̀kan kodò kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀: ó yẹ kó máa dán bíi fàdákà. Tó bá ti funfun bí ẹ̀kọ, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín rẹ̀, kò lè di ooru mú mọ́. Mo ti dá mẹ́ta padà nínú ogún rí nítorí èyí, lójú ọlọ́jà náà.

Táńkì wà lókè, gíláàsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi tó bá gbóná á fúyẹ́, á gòkè wọ inú táńkì. Èyí tó tutù á sọ̀ kalẹ̀ wá gba àyè rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á, kò sí iná. Gíláàsì ogún ni wọ́n sábà máa ń fi sí táńkì lítà 200.

Irú kejì jẹ́ pẹlẹbẹ: àpótí tí gíláàsì bo ojú rẹ̀, páìpù kọ́pà lẹ̀ mọ́ irin dúdú nínú rẹ̀, fóòmù wà lẹ́yìn. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ bí ọmọ adúgbò bá sọ òkò, kì í tètè fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ṣágámù, kí ẹlòmíì má bàa san irú owó tí mo san. A to gbogbo gíláàsì tán láago mọ́kànlá òwúrọ̀, kò tíì sí omi nínú wọn. A lọ jẹun. Aago kan la padà dé, mo sì ní kí ọmọṣẹ́ mi ṣí omi sí i. Inú gíláàsì tó ṣófo lójú oòrùn lè gbóná kọjá dígírì 200. Bí omi tútù ṣe débẹ̀, mo gbọ́ pàú! Mo tún gbọ́ pàú! Mẹ́sàn-án ló fọ́ nínú ogún, kí ọmọ náà tó rí ọwọ́ ẹ̀rọ yí padà, èérún gíláàsì sì ń bá ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi bọ̀ sílẹ̀ níbi tí onílé dúró sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sọ omi sí i, tàbí kí n fi tàpólì bò ó ṣíkíṣíkí títí omi á fi kún. Púlọ́ńbà tó bá fẹ́ sọ omi síi lọ́sàn-án gangan, ẹ má jẹ́ kó gun òrùlé yín.

* * *

Sí ẹni tó sọ pé ẹ̀rọ tuntun ni hítà oòrùn, pé kí àwọn ẹlòmíì fi dánra wò ná:

Ní 1891 ni Clarence Kemp ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ti gba àṣẹ olùhùmọ̀ lórí hítà oòrùn tirẹ̀, táńkì nínú àpótí onígíláàsì. Omi rẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, á sì tutù mọ́jú, bíi ti páìpù ẹ̀yìnkùlé wa. Ní 1909 ni William Bailey ní California wá ya táńkì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń gba oòrùn, ó sì wé e kí omi lè gbóná di ọjọ́ kejì. Orúkọ tó fún un ni Day and Night, ọ̀sán àti òru. Ní Ísírẹ́lì, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe òfin ní 1980 pé ilé gbígbé tuntun gbọ́dọ̀ ní i. Àwọn bàbá ńlá wa ìbá ti lò ó ká ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Manchester bá mi jà dáadáa, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní owó páńẹ́ẹ̀lì oníná ti já wálẹ̀ débi pé àwọn aráalé wọn ti ń fi irú tèmi sílẹ̀. Iná tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án ni ẹ̀rọ kékeré kan ń darí sínú táńkì omi. Kò sí páìpù lórí òrùlé, kò sí gíláàsì tó ń fọ́, kò sí ohun tó ń jò. Wọ́n bi mí pé: kí ló dé tí mo ń ní kí ẹni tó ti ní páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lọ ra nǹkan mìíràn?

Mo ro ó mọ́jú. Mo jókòó ti bírò àti ìwé, mo sì ní láti gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí.

Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ yẹn jẹ́ wáàtì 4,400. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, wọ́n lè kó yúníìtì 13 wá. Ilé tí kò bá ní eakọ́n kò ní lò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá fi máa di aago méjìlá, bátìrì ti yó, inverter á wá máa kọ oòrùn tó kù sílẹ̀. Oòrùn tí ilé yín ń kọ̀ lójoojúmọ́ yẹn ló yẹ kó gbé omi yín kaná.

Nítorí náà, ẹ ra hítà onítáńkì kan ṣoṣo, lítà 100, oníwáàtì 1,500, kẹ́ ẹ so táímà mọ́ ọn kó máa tan láago mọ́kànlá, kó kú láago méjì. Láti 26 dé 60, yúníìtì mẹ́rin ni lítà 100 máa jẹ, wákàtí mẹ́ta yẹn sì lè gbé mẹ́rin ààbọ̀ sí i. Omi dígírì 60 kò ṣeé wẹ̀, ẹ ó fi tútù là á. Tẹ́ ẹ bá là á dé 40, ó tó garawa méjìlá. Ká ní ó tilẹ̀ pàdánù dígírì méje kílẹ̀ tó mọ́, garawa mẹ́sàn-án ṣì wà ńbẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, láìfọwọ́ kan bátìrì rárá. Bátìrì tí ríwáyà ń ní kẹ́ ẹ rà, táńkì yìí ni.

Ibi tí mi ò ti gbà fún ẹ̀gbọ́n mi ará Manchester ni pé kí wọ́n sọ ọ́ dòfin fún gbogbo ilé. Ẹni tí kò ní páńẹ́ẹ̀lì kankan, tí kò sì lówó inverter, lè ní omi gbígbóná látinú gíláàsì ogún. Ilé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ omi bọ́òhóòlù, fíríìjì ẹran àti eakọ́n yàrá kan ti jẹ gbogbo iná ọ̀sán tán, kí ló kù tí wọ́n á darí sínú táńkì? Ilé àlejò tí àlejò mẹ́wàá ń wẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

* * *

Ríwáyà kan bi mí, kì í ṣe ti Akóbọ̀ o: ọ̀sẹ̀ tí òjò bá dá gùdẹ̀ ní oṣù Keje ńkọ́?

Ìbéèrè gidi ni. Àwọsánmà tó nípọn lè gbé oòrùn lọ débi pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa kù, ti gíláàsì àti ti páńẹ́ẹ̀lì, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nílé tèmi, mo so ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru mọ́ ara táńkì onígíláàsì mi. Nínú oṣù Kejì tó kọjá, 62 ni mo bá nírọ̀lẹ́, 55 ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ní àárín oṣù Keje, ó máa ń wà ní 41 nírọ̀lẹ́. Ó ṣì ṣeé wẹ̀, àmọ́ kò sí àyè láti fi tútù là á, nítorí náà omi kì í kárí.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi iná ìjọba tan hítà náà fún wákàtí kan. Iná ọ̀hún ti wọ́n. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé yúníìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi yúníìtì mẹ́ta gbé omi kaná lójoojúmọ́ á san ju ₦18,000 lọ lóṣù. Ẹni tó ń ṣe é lọ́jọ́ òjò nìkan kò ní mọ̀ ọ́n lára.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè nípa páìpù: PVC funfun tó ń gbé omi tútù kò gbọ́dọ̀ gbé omi yìí. Ó máa ń rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì máa jò. PPR tàbí CPVC, àwọn páìpù tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ fi fóòmù wé e láti táńkì dé balùwẹ̀.

Omi bọ́òhóòlù tó ń fi nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù á lẹ̀ mọ́ irin hítà náà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lọ́dọọdún kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì wo ọ̀pá magnesium tó wà nínú táńkì. Torí kí ìpẹtà má bàa jẹ ara táńkì ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, òun ló ń gba ìyà náà. Tó bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ púùlù Ìjẹ̀bú Òde. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́: mítà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, ó sì jìn tó mítà 1.4. Omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 45,000. Kó tó lè fi dígírì kan ṣoṣo gbóná sí i, yúníìtì 52 ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi iná mànàmáná ṣe é kò fẹ́ràn wọn.

Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí ooru yẹn ń gbà lọ. Ojú omi ló ń gbà lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ooru tí púùlù ń pàdánù, omi tó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ló ń kó o lọ. Lítà kan tó bá gbẹ, ó kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì dání. Ọyẹ́ sì rèé, ó gbẹ, ó tún ń fẹ́. Tí omi púùlù yẹn bá fi mílímítà mẹ́ta péré lọ sílẹ̀ láàárín òru, lítà 96 ti lọ, ó sì ti kó yúníìtì 65 lọ. Ju dígírì kan lọ nìyẹn, lóru ọjọ́ kan. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi tépù sàmì sára táìsì létí omi lálẹ́, kí wọ́n wò ó láàárọ̀ kùtù, ojú ara wọn ni wọ́n á fi rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rà ni ọ̀rá ìbòrí, èyí tó nípọn tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ ní róbótó-róbótó. Kí wọ́n bò ó nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde, kí wọ́n ṣí i nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fi gbogbo páńẹ́ẹ̀lì Nàìjíríà sí i láìbò ó lóru, bí ẹni ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Kí wọ́n sì ká ìbòrí náà kúrò pátápátá kí ọmọ kankan tó wọnú omi. Ọmọ tó bá rì sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Tí ìbòrí kò bá tó, ni kí wọ́n tó wá ṣe ti oòrùn. Kì í ṣe onígíláàsì. Dígírì 28 tàbí 29 là ń wá, kò jìnnà sí afẹ́fẹ́ ọ̀sán, nítorí náà kò sídìí láti fi gíláàsì há ooru mọ́. Ike dúdú pẹlẹbẹ tó kún fún ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí òrùlé. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi púùlù náà ló máa ti omi gba inú rẹ̀ lọ́sàn-án, tí omi á sì padà sínú púùlù ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fúnni ní Amẹ́ríkà ni pé kí ike náà fẹ̀ tó ìdajì ojú púùlù, tàbí kó tó o pátápátá níbi tí òtútù bá ti mú. Ní Ìjẹ̀bú Òde, pẹ̀lú ìbòrí, ìdajì ni màá fi bẹ̀rẹ̀: mítà mẹ́rin ní mẹ́rin. Kí wọ́n má gbà kí ẹnikẹ́ni fi páìpù kọ́pà sí i. Tí oògùn omi púùlù kò bá gún régé, ó máa jẹ kọ́pà, ẹ ó sì rí àwọ̀ rẹ̀ lára táìsì.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì ní ike dúdú kò ràn án lọ́wọ́, ó ti gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀dọ̀ yín yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ oṣù Kìíní lọ́dọ̀ yín tutù débi pé ike tí kò ní gíláàsì á máa tú ooru dà nù bó ṣe ń gbà á. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ti omi gba inú rẹ̀ kí ọjọ́ tó gòkè dáadáa. Mo tiẹ̀ fura pé ṣe lẹ ń tan ẹ̀rọ náà láti aago méje. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, òrùlé yín ló ń mú púùlù tutù fún wákàtí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́.

(Wọ́n ti fèsì. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n ń tàn án.)

* * *

Ohun kan wà tí a ò tíì sọ, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Ọmọ ìkókó wà nínú ilé yìí, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá kánkán náà wà ńbẹ̀.

Omi dígírì 60 lè bó àwọ̀ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ti ọmọdé á tètè bó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onígíláàsì lè kọjá 80 lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó. Ẹ ra fááfù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi í sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, kí wọ́n sì yí i sí 42. Ẹnì kan ní ká kúkú yí táńkì fúnra rẹ̀ sí 45 kó má bàa léwu. Mi ò gbà. Omi tó bá dúró pẹ́ láàárín 25 sí 45 lè bí kòkòrò tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró wú, arúgbó ló sì tètè ń mú. Kó wà ní 60 nínú táńkì, kó jáde ní 42.

Tí ẹ bá rí i tí omi ń kán tótó lára fááfù kékeré ẹ̀gbẹ́ hítà, ẹ má jẹ́ kí púlọ́ńbà kankan dí i. Ibẹ̀ ni omi tó ń wú ń gbà mí. Mo ti bá a lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ti dí i pa, ọ̀kan lára táńkì méjèèjì ti wú bí ikùn aboyún. Ẹ fa páìpù kékeré láti ẹnu rẹ̀ lọ síta, kó máa kán sínú gọ́tà.

* * *

Arábìnrin Akóbọ̀ ti padà wá. Wọ́n ní àwọn ti fi ìṣirò náà han ríwáyà, ó wò ó títí, ó sì ní òun lè so táímà náà lọ́la. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fa wáyà hítà náà lọ́tọ̀ láti inverter, kó fi wáyà ẹ́ẹ̀tì sí i dáadáa, kó má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ bọ́òhóòlù àti hítà máa tan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí bọ́òhóòlù ti fa omi tán kí aago mọ́kànlá tó lù.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú Òde ní àwọn á ra ìbòrí, àwọn á sì gbé onígíláàsì méjì, lítà 300 kọ̀ọ̀kan, fún yàrá àlejò mẹ́wàá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n ranti: ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n sọ omi sí i.

Arábìnrin tún béèrè ibi tí wọ́n máa gbé táńkì náà sí, bóyá ilé ìdáná ni, torí ibẹ̀ ni páìpù ti pọ̀. Rárá. Ẹ gbé e sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀ ìyá. Páìpù tó bá gùn tó mítà 15 láti ilé ìdáná máa ń há bíi lítà méjì omi mọ́nú, omi yẹn á sì ti tutù mọ́jú. Ìyẹn ni ìyá máa kọ́kọ́ ṣí sára láago márùn-ún ìdájí, kí gbígbóná tó dé bá wọn. Ẹni ọgọ́rin ọdún kò yẹ kó dúró lórí táìsì tútù kó máa retí omi. Ẹ̀yin tí ara yín le lè dúró dè é nílé ìdáná.

Tí wọ́n bá ti so ó tán, ẹ wọn omi náà ní ìdájí ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ iye dígírì tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ síbí. Tí kò bá tó 50, ẹ pè mí padà sí ọ̀rọ̀ yìí, fóòmù táńkì náà la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.